Férémù Tí Kò Ní Gíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé, tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Orúkọ mi ni Ràlíátù, ṣùgbọ́n láti Ketu títí dé Ogudu, Ìyá Férémù ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ mi ni kí n fi igi àti gíláàsì yí àwòrán ká, kó lè ṣeé gbé kọ́ sára ògiri. Iṣẹ́ kejì wà nínú rẹ̀ tí mi ò kọ sára pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù mi: mo máa ń bá àwọn èèyàn yan ẹ̀bùn ọdún fún àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fi ṣe méjèèjì. Orúnkún ti ń dùn mí báyìí, mo sì ti gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá tún ayé wá, iṣẹ́ yìí náà ni màá tún ṣe. Ẹni tó bá rò pé fáàrí ni mò ń ṣe, kó kà á dé ìparí ná.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì wá sí Mile 12, wọ́n sì ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ nítorí mi. Ọjọ́ kan ni wọ́n rán mi lọ gba fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ ní Ketu. Mo fi ìka tọ igun férémù náà, mi ò mọ ibi tí igi méjì ti pàdé. Mo délé, mo ní mi ò kọ́ṣẹ́ aránṣọ mọ́. Ní ti owó, ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ tó mi jẹ, ó sì rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ le. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ẹ̀wù funfun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ igi, mi ò sì rí i kó dọ̀tí rí. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, gíláàsì nìkan ni mò ń nù. Tí mo bá nù ún tán, wọ́n á gbé e sókè sí oòrùn. Tí wọ́n bá rí ojú ìka kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n á dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Ìgbà míì mo máa ń nu gíláàsì kan láàárọ̀ títí di ọ̀sán, omijé mi á sì tún kán sórí rẹ̀, ó di kí n tún un nù.

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n fọwọ́ kan ayùn, ìyà tuntun bẹ̀rẹ̀. Férémù ní igun mẹ́rin, igi méjì ló sì ń pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá kan igun náà tán, Ọ̀gá á mú ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, wọ́n á gbìyànjú láti tì í bọ àárín igi méjèèjì. Tí ìwé náà bá wọlé, férémù náà ti kú nìyẹn. Wọn kì í bínú. Wọ́n á kàn pe ìyàwó wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Ṣọlá, igi ìdáná ti dé o." Ìyá Ṣọlá á kó férémù mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó bá di ọ̀sán wọ́n á bu ìrẹsì fún mi, èmi náà á jókòó, màá jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sè. Mo jẹ ìrẹsì yẹn fún bí ọdún kan. Ọjọ́ tí Ìyá Ṣọlá ráhùn pé igi ìdáná kò wá dáadáa mọ́, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Òfin kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ mi létí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe férémù ní Ketu máa ń gé igi sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Tí ìwé oníbàárà bá fẹ̀ ju férémù lọ, wọ́n á fi abẹ gé etí funfun tó yí àwòrán náà ká dànù, nítorí lójú tiwọn, ìdọ̀tí ni etí funfun. Ọ̀gá mi kò jẹ́ gbà. Wọ́n á ní, "Ràlíà, férémù ló gbọ́dọ̀ bá àwòrán mu, àwòrán kọ́ ló máa bá férémù mu. Ìwé oníwèé ni. Tó o bá gé e, ta ló máa bá ẹ lẹ̀ ẹ́ padà?" Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ti ẹ̀bùn wá ńkọ́? Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tàbí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ẹnì kan á ní, "Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fẹ́ràn àwòrán." Ẹlòmíì á ní, "Àna mi fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, kí ni mo lè rà fún un?" Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ẹni tó ń ra ẹ̀bùn máa ń nawọ́ sí ohun tó tóbi jù tó sì ń dán jù. Alhaji kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ra nǹkan fún àna rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ó tọ́ka sí àwòrán àwọn ẹṣin tó ń sáré, férémù rẹ̀ aláwọ̀ góòlù, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Dípò kí Ọ̀gá dì í fún un, ìbéèrè ni wọ́n ń bi í. Níbo ni àna yín máa ń jókòó sí tó bá délé? Kí ló wà lára ògiri tó dojú kọ? Ta ló ń nu eruku ilé náà? Ẹ̀bùn wo ni wọ́n ti fún un rí tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn? Alhaji kò mọ ọ̀kankan. Ọ̀gá ní kó lọ kí àna rẹ̀ ná, kó jókòó, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Alhaji bínú lọ. Lọ́jọ́ kẹta ó padà, ẹ̀rín ló ń rín bọ̀. Ó ní kò sí àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri ọkùnrin náà, àti pé òun yọjú sí yàrá ẹ̀yìn, òun sì rí àwòrán ẹṣin mẹ́ta tó dojú kọ ògiri níbẹ̀. Igbá fínfín kékeré kan ló rà fún un níkẹyìn, a sì gbọ́ pé àna náà gbé e káàkiri ilé lọ́jọ́ ọdún bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn sórí, mo sì ń lò wọ́n dòní. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ti yan ohun tó fẹ́ràn kí o tó dé. Ìwọ tí o fẹ́ fún un lẹ́bùn, lọ mọ ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà mo gba fíríìdọ̀mù, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ogudu, kò jìnnà sí Ojota. Ibẹ̀ dára fún mi. Láti apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń wá láti GRA, láti apá kejì, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé fọ́tò bàbá bàbá wọn wá. Mo yege níbẹ̀, mi ò ní fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Tíṣà obìnrin kan wà tí gbogbo ẹbí rẹ̀ máa ń ra àwòrán fún ní gbogbo Kérésìmesì títí ògiri rẹ̀ fi kún. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ jẹ́ kí n ṣe férémù kan fún un tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀, tó ń ṣí lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn, kó lè máa pààrọ̀ àwòrán tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń yà. Ọkọ náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Nígbà tó di oṣù Kìíní, ó padà wá, ó ní ìyàwó òun tún fẹ́ méjì sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan náà wá, wọ́n fẹ́ dáwó ra àwòrán olówó ńlá fún ọ̀gá wọn. Èmi ti rí ọ̀gá yẹn rí ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ti rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ ra búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán tó dáa àti ìwé tó nípọn. Wọ́n ní àbí orí mi dàrú ni, ọ̀gá báńkì kẹ̀? Wọ́n ṣáà rà á. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ wá bi mí pé ta ló sọ fún mi pé òun máa ń yàwòrán, nítorí ìyàwó òun nìkan ló mọ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni irinṣẹ́ ń yí padà. Ayùn ọwọ́ lọ, ẹ̀rọ oníná dé. Igi tí a máa ń lọ fá ní sọ́ọ̀mìlì di èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe igi, ike ni. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn oníbàárà ń fi fóònù ya ògiri ránṣẹ́ sí mi. Ó dára, ó ń dín ìrìn kù, ṣùgbọ́n fóònù kì í sọ ẹni tó ń nu eruku. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tuntun tí mo rà, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù: ẹ̀rọ ìgéwèé. Ọ̀bẹ gígùn kan ló wà lára rẹ̀. O fi ìwé sábẹ́ rẹ̀, o tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ìwé á gé tán kí o tó mí. Ohun tó máa gbé mi ṣubú nìyẹn, mo sì ń nù ún láràárọ̀.

Mo ti ń sún ìtàn yìí síwájú, ẹ ti rí i. Ó yá.

Ọdún yẹn, Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́fà, férémù tó lé ní ogún ló wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Aunty Yéwándé wọlé. Mo jù ú lọ dáadáa o, ṣùgbọ́n oníbàárà ni, Aunty ni mò ń pè é. Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ ni, GRA ló ń gbé. Ó mú ìwé kan jáde láti inú páálí, ó rọra tú u bí ẹni tó ń sọ ọmọ kalẹ̀. Àwòrán apẹja tó jókòó sétí ọ̀sà tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ni. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. Ayàwòrán náà gbẹ́ apẹja yẹn sára pákó, ó fi tàdáwà pa pákó náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mẹ́wàá péré ló tẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé ní Ifákọ̀ ló ta ìkẹwàá, èyí tó kù, fún Aunty Yéwándé.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Akínṣọlá, ló fẹ́ fún. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ apẹja Ọ̀wọ̀rọ̀, gbogbo ilé wọn kún fún iṣẹ́ ọnà, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá àwòrán yìí kiri. Àrùn ojú kan sì ń jí ìríran wọn gbé díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ pé bó bá fi máa di Kérésìmesì tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí nǹkan kan mọ́. Aunty Yéwándé ní, "Aunty Ràlíà, èyí ni wọ́n máa rí gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é dáadáa." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ó ti rí férémù dúdú kan lára ògiri mi, ó fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé náà lé e lọ́jọ́ kejì, ìwé fi ìka méjì fẹ̀ ju férémù lọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gé igi tuntun. Ìyẹn á gbà mí ní ìdajì ọjọ́, iṣẹ́ sì kún ilẹ̀. Mo wo etí funfun tó yí àwòrán náà ká, mo wo ẹ̀rọ ìgéwèé mi. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ fi pariwo sí mi létí, mo ti ìwé náà sábẹ́ ọ̀bẹ, mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo mú èyí tí mo gé kúrò láti jù ú sínú ìdọ̀tí ni mo rí ohun tó wà lára rẹ̀. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó tín-ín-rín, ó sì ti ń parẹ́ díẹ̀: orúkọ ayàwòrán náà, àti pé ìkẹwàá nínú mẹ́wàá ni. Àwọn tó ń tẹ àwòrán láti ara pákó, etí funfun ni wọ́n máa ń buwọ́ lù. Ìbuwọ́lùwé yẹn ló ń sọ pé ọwọ́ wọn ló tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, àwòrán náà kò yàtọ̀ sí kàlẹ́ńdà lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà. Ẹni tó kọ ọ́ sì ti wà ní ibojì, mi ò lè bẹ̀ ẹ́ kó tún un kọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣàkírù, ọkùnrin àgbàlagbà tó ń bá mi gé gíláàsì, dúró lórí mi. Ó wo ìwé, ó wo èyí tí mo gé, ó ní, "Aunty, ẹ jẹ́ ká kàn ṣe férémù ẹ̀ jàre. Ṣebí wọ́n ní Baba yẹn ò ríran dáadáa mọ́. Wọn ò lè mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Kì í ṣe nítorí pé ó sọ ọ́, bí kò ṣe nítorí pé èmi náà ti rò ó kó tó sọ ọ́. Kí n fi ojú tó ń kú lọ bo àṣìṣe ara mi. Mo sọ fún Ṣàkírù pé kó má tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ohùn tí mo sì fi sọ ọ́ le nítorí pé ara mi ni mò ń bá wí.

Mo mú ìwé náà àti èyí tí mo gé kúrò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí GRA. Aunty Yéwándé kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé náà lórí itan. Ó ní, "Aunty Ràlíà, Kérésìmesì yìí nìkan ni mo ní." Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Lọ́jọ́ yẹn mo rí bó ṣe ń kùtà. Mo ní kó júwe ilé ìyàwó ayàwòrán náà fún mi.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ ní Ifákọ̀. Màmá Délé ni wọ́n ń pe opó náà, obìnrin gíga tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gba ègé ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo orúkọ ọkọ wọn, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló buwọ́ lu eléyìí. Èmi ni mo gbé pẹ́ńsù fún un." Wọn kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bú mi.

Bí mo ṣe ń dìde kúrò lórí eékún ni mo rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Mo bi wọ́n léèrè bóyá pákó náà nìyẹn. Wọ́n ní òun ni, àwọn èèyàn méjì ti wá bẹ àwọn kí àwọn jẹ́ kí wọ́n tún tẹ òmíràn lára rẹ̀, àwọn kò gbà, nítorí ọkọ àwọn sọ pé mẹ́wàá, mẹ́wàá náà ni. Wọ́n tú aṣọ náà. Apẹja náà wà níbẹ̀, ó jinlẹ̀, ó yọ síta, gbogbo okùn àwọ̀n rẹ̀ hàn lábẹ́ ìka mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti gbé ọwọ́ lé e. Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi là.

Mo ní, "Mà, mi ò fẹ́ tẹ nǹkan kan. Ojú Baba náà ti ń lọ. Ọwọ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi wò ó."

Màmá Délé gbé ọwọ́ tiwọn lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi lórí pákó náà, wọ́n rọra fà á kọjá lára èjìká apẹja yẹn bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ọmọ náà kó wá bá mi fúnra rẹ̀." Aunty Yéwándé lọ lọ́jọ́ kejì. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, ṣùgbọ́n pákó náà ló gbé dé ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo da gbogbo iṣẹ́ yòókù rú. Mo gé igi tuntun fún un, igi gidi, mo fi sáńpépà fá a títí mo fi lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nù ún láìsí pé ẹ̀gún kan gún mi. Ó wá ku gíláàsì. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ kì í ṣe férémù láìfi gíláàsì sí i, ìhòòhò ni wọ́n ń pè é. Mo gé gíláàsì, mo nù ún, mo gbé e sókè sí oòrùn, ojú ìka kan kò sí níbẹ̀. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì gbé férémù náà jáde bẹ́ẹ̀.

Aunty Yéwándé ní dandan kí n wá lọ́jọ́ Kérésìmesì, pé èmi ni màá gbé e lé bàbá òun lọ́wọ́. Bí ìyá àlùfáà ni mo rí nígbà tí mo wọ híjáàbù mi wọlé, gbogbo wọn ń yẹ̀nà fún mi. Bàbá Akínṣọlá jókòó sórí àga, ọmọ wọn mẹ́rin àti àwọn ọmọ-ọmọ yí wọn ká. Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí wọn ọkùnrin, tó ti sọ fún gbogbo ilé bí àwòrán òun ṣe tóbi tó, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ síwájú. Àwòrán ńlá ni lóòótọ́, gíláàsì rẹ̀ ń kọ mànà. Bàbá yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní pa wọ́n lójú. Wọ́n ní ó dára, ó dára gan-an, bí ẹni tí wọ́n fún ní áńkáṣíìfù.

Mo gbé tèmi lé itan wọn. Wọ́n tẹ orí wọn sún mọ́ ọn, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n bi Aunty Yéwándé nínú ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé èwo ni pákó lásán. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Bàbá kan etí àwọ̀n náà. Wọ́n dáwọ́ wíwò dúró. Wọ́n di ojú wọn méjèèjì.

Ìka wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, okùn kan sí òmíràn. Wọ́n ní, "Àwọ̀n ni." Ìka wọn tún ń lọ, ó wá dúró lójú kan. "Ó ya níbí. Ohun tó ń tún ṣe nìyẹn."

Mo sún mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Láàárín àwọ̀n náà, okùn mẹ́ta já, ihò náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Aunty Yéwándé ti wo àwòrán yẹn títí kó tó rà á. Èmi ti gbé pákó yẹn sọ́wọ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tó rí i. Bàbá fa ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń fi ibi tí bàbá tiwọn máa ń ti bẹ̀rẹ̀ tí àwọ̀n bá ya ní Ọ̀wọ̀rọ̀ hàn án. Ibí lo ti máa mú un, o máa wá síbí, má fà á jù. Ọkùnrin gìrìpá yẹn kúnlẹ̀ síwájú àga bí ọmọ ilé ìwé, àwọn yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Aunty Yéwándé wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ìwé tí mo gé àti gbogbo ẹ̀. Bàbá bi pé ta ló gé e. Mo ní èmi ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ wá ọwọ́ mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gé e."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló di tèmi. Kí ọdún tuntun tó gbóná, wọ́n ti ń wá mi láti Gbàgádà, láti Ikosi, láti ibi tí mi ò dé rí. Àwọn tí ìyá wọn kò ríran mọ́, àwọn tí bàbá wọn kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti wo ògiri. Ojú Bàbá lọ pátápátá kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Mo lọ kọ́ férémù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, kì í ṣe ibi tí ojú dé, ibi tí ọwọ́ dé. Lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti Aunty Yéwándé jọ ń yan ẹ̀bùn fún wọn: ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, agbádá àtijọ́ tí iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ nípọn. Wọn kò fi ọdún kan ṣíwọ́ jíjẹ́ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà títí wọ́n fi sùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má yan iṣẹ́ nítorí pé ẹ ò ní ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀. Kò sí irú ẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹ lè dúró tì nígbà tí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, tí ẹ lè gbé ohun tí ẹ bà jẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ rìn lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín. Èmi gé ìwé oníwèé, iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ yẹn ló sì gbé mi ga jù.

Nígbà tí wọ́n pín ohun tí Bàbá fi sílẹ̀, àwòrán ńlá yẹn kò dá ìjà sílẹ̀. Pákó ni gbogbo wọn fẹ́. Ẹ̀gbọ́n gan-an ló pariwo jù. Wọ́n wá fẹnu kò pé á máa lọ láti ilé dé ilé, ọdún kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kérésìmesì tó kọjá, ilé Ẹ̀gbọ́n ló kàn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Ojú àwọ̀n náà ti ń dán, ọwọ́ ló dán an bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni férémù yẹn, àbí ó kàn ń ṣe bó ṣe ń ṣe fún gbogbo àlejò, mi ò mọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mummy, ẹ di ojú yín, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó ya hàn yín." Mo di ojú mi, mo sì jẹ́ kó fi hàn mí.